Ọkùnrin Tó Kun Pọ́dà: Irọ́ Ló Pa Ni, Àbí Àṣírí Ló Bò?

Bí ẹ bá jókòó pẹ́ díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Boundary, l'Ájégúnlẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi oníbàárà kí wọ́n tó ní kó dìde: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká fi dáì sí i?" Dáì dúdú ni wọ́n ń wí. Wọ́n á pò ó nínú ike kékeré, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì fà á sí etí irun níwájú orí, wọ́n á fà á sí ibi tí irùngbọ̀n ti fọ́nká. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ kúrò tán, ọkùnrin tó wọlé pẹ̀lú irun jákujàku á jáde bí ẹni tí wọ́n fi rúlà ya iwájú orí rẹ̀. Awakọ̀ tírélà ń ṣe é. Alábàárù ń ṣe é. Ọmọ tó ń lọ gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Maracana ń ṣe é. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó máa gbà pé mékọ́ọ̀pù lòun ṣe. Ẹ dán an wò, ẹ pè é bẹ́ẹ̀ létí wọn, kí ẹ wá wo bí ẹsẹ̀ yín ṣe máa yá kúrò níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, mékọ́ọ̀pù ni. Àwọ̀ tó ti inú ike jáde, tí a fi sí ojú ẹni kí ojú náà lè rí bí kò ṣe rí tẹ́lẹ̀, orúkọ wo la tún fẹ́ pè é? Ohun tí mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí ni pé, bí àwọ̀ yẹn bá jẹ́ ẹ̀tọ́ níwájú orí, kí ló sọ ọ́ di èèwọ̀ nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ lójú mi o. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ọ̀rọ̀ yìí dun dé egungun. Ọmọ Àjẹ́gúnlẹ̀ ni, èbúté Tin Can Island ló sì ti ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Òun ló ń bá àwọn tó ń kó ẹrù wọlé sáré ìwé kiri ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù títí kọ̀nténà á fi jáde. Wàhálà ló bí èbúté náà fúnra rẹ̀. Ní 1975, ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì wá pọ̀ débi pé èbúté Àpápá ò lè gbà wọ́n mọ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn dúró lójú òkun bí ẹni ń tò fún gaàrí. Ìyẹn ló mú kí ìjọba sáré kọ́ Tin Can, tí wọ́n sì ṣí i ní 1977. Láti ìgbà náà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí kì í gba ẹnubodè rẹ̀ wọ ìlú yìí, títí kan pọ́dà, ìpara ojú àti àtíkè. Ọkùnrin ló ń já a sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ọkùnrin ló ń wa tírélà tó gbé e, ọkùnrin ló ń tà á lọ́pọ̀ fún àwọn obìnrin ọjà. Ojú nìkan ni wọn ò gbọ́dọ̀ fi sí.

Nígbà tí ọmọkùnrin tí mò ń wí yìí wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, sítóòfù kẹrosíìnì gbaná mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ibi tí ìyá ti ń sáré gbé e síta ni etí sítóòfù gbígbóná náà ti nu ọmọ lójú. Ara rẹ̀ jiná, ṣùgbọ́n àpá kan kù láti abẹ́ ojú òsì dé àgbọ̀n, gígùn, tín-ínrín, ó ń dán. Lójú ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀, ọ̀bẹ ni. Ẹ wá fi orúkọ Àjẹ́gúnlẹ̀ kún un. Bó bá dé ẹnubodè, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ ní kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá wọ dáńfó, ìyá tó jókòó tì í á gbé báàgì rẹ̀ bọ́ sí itan kejì. Ẹni tó fẹ́ fún un nílé háyà á wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á ní wọ́n ti gba yàrá náà lánàá. Ọmọ tí kò gbá ẹnikẹ́ni létí rí láyé rẹ̀!

Ọdún kejì rèé tí àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó kọ́ṣẹ́ ìṣaralóge, kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi ìpara aláwọ̀ ara díẹ̀ bo àpá yẹn láàárọ̀. Kì í kun gbogbo ojú. Bí wọn ò bá sọ fún yín, ẹ ò lè mọ̀. Lọ́jọ́ kan ló wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn, ẹ bá mi wò ó o: ṣé irọ́ ni mò ń pa?"

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Ohun tó kọ́kọ́ hàn sí mi ni pé ojú ọmọ náà ti ń parọ́ mọ́ ọn tipẹ́, kó tó di pé pọ́dà kàn án. Àpá náà ń sọ fún gbogbo ayé pé jàgídíjàgan ni, kì í sì í ṣe jàgídíjàgan. A máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ojú lásán ni òótọ́, pé ohunkóhun tí a bá fi kùn ún ni irọ́. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa? Yorùbá tó ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀ kò sọ pé ìrínisí náà tọ̀nà. Ohun tí aráyé ń ṣe ló ń ròyìn. Àwọn àgbà kan náà ló ní orí burúkú kì í wú tuulu, a kì í mọ ẹsẹ̀ aṣiwèrè lójú ọ̀nà. Bí ojú kò bá wá jẹ́ ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé, ẹ má bínú sí ẹni tó bá ní kó panu mọ́.

Àwọn kan á ní kì í ṣe àṣà wa ni kí ọkùnrin máa ṣe ojú. Ẹ jọ̀ọ́, àṣà ti ta ni? Àwọn baba wa kò fi ojú ọkùnrin sílẹ̀ lásán rí. Abẹ ni wọ́n fi kọ ọ́: àbàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́, kẹ́kẹ́. Òótọ́ ni pé ilà fi ìdílé àti ìlú hàn, àmọ́ ó wà fún ẹwà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ló kọ pélé torí pé ó yẹ ojú. (Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 ti ka kíkọ ilà sára ọmọdé léèwọ̀, mo sì wà lẹ́yìn òfin náà gbágbágbá, nítorí abẹ kì í bi ọmọ léèrè.) Ẹlẹ́gùn-ún Ṣàngó a máa di irun bí obìnrin, kò sì sí ẹni tó máa dúró níwájú rẹ̀ kó fi ọkùnrin rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin tó lé tìróò kò ṣàjèjì sí àwọn Mùsùlùmí wa. Ó wà nínú hádíìsì pé Ànábì fúnra rẹ̀ a máa lé e. Lórí tìróò, mo ní ìkìlọ̀ kan o: òjé ló pọ̀ nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ sí èyí tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà. Irú òjé yìí, nígbà tó dà pọ̀ mọ́ eruku ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù ní Zamfara, ló pa àwọn ọmọdé tó lé ní irínwó nínú àjálù tó bẹ́ sílẹ̀ ní 2010. Ẹ má fi í sójú ọmọ, bó ti wù kí ìyá àgbà bínú tó.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rí ọkùnrin tó ń kun ojú láìtijú, ẹ gba òkè lọ sí orílẹ̀-èdè Niger, sọ́dọ̀ àwọn Fúlàní tí wọ́n ń pè ní Wodaabe. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á ṣe àjọ̀dún Gerewol. Àwọn ọkùnrin ló ń fi ẹrùpẹ̀ pupa tàbí ti yẹ́lò kun ojú, wọ́n á fa ìlà funfun gba orí imú, wọ́n á fi dúdú kun ètè àti etí ojú kí eyín àti ẹyinjú wọn lè funfun báláú. Àwọn obìnrin ló ń ṣe adájọ́ ẹni tó dára jù. Darandaran tó ń fi ẹsẹ̀ rin aṣálẹ̀ ni wọ́n, oòrùn ti pa wọ́n, òùngbẹ ti gbẹ wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ pè wọ́n ní ọ̀lẹ ọkùnrin, kó bá wọn da màlúù lọ́jọ́ kan ná.

Àwọn aláwọ̀ funfun náà ní tiwọn. Ní ọjọ́ 26 oṣù September 1960, ọjọ́ márùn-ún ṣáájú òmìnira tiwa, Kennedy àti Nixon jọ kojú ara wọn lórí tẹlifíṣọ̀n ní Chicago, àwọn méjèèjì ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà. Kò tíì pẹ́ tí Nixon kúrò ní ilé ìwòsàn, ó ti rù, síbẹ̀ ó kọ̀ kí wọ́n ṣe ojú òun dáadáa. Àwọn tó ń wò ó nílé rí ojú aláìsàn tó ń làágùn. Èmi ò sọ pé pọ́dà ló fi Kennedy joyè o, àmọ́ láti ọjọ́ náà, ẹ ò tún rí olóṣèlú tó máa ń bá pọ́dà tẹlifíṣọ̀n jà. Ní 2018, ilé iṣẹ́ Chanel ti ilẹ̀ Faransé kó mékọ́ọ̀pù tó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan jáde, Korea Gúúsù ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á. Owó ni wọ́n ń wá, a mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló kù. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Bíbélì ba ọmọ yìí lẹ́rù á ṣí ìwé àwọn Ọba Kejì, orí kẹsàn-án, á ní ẹ wo Jésébẹ́lì tó lé tìróò kí ajá tó jẹ ẹ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n tìróò kọ́ ni ajá torí rẹ̀ jẹ ẹ́. Nábótì ni. Ọgbà àjàrà olóògbé ni. Ìwé irọ́ tó kọ, tó fi òǹtẹ̀ ọba lù, ni. Mo máa ń ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń pariwo Jésébẹ́lì jù kì í rántí ọgbà àjàrà. Kí wọ́n ṣí Mátíù orí kẹfà wò, níbi tí Jésù ti ń bá àwọn tó ń gbààwẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n má fajú ro bí àwọn àgàbàgebè tó ń ba ojú ara wọn jẹ́ kí ènìyàn lè rí i pé ebi ń pa wọ́n. Ó ní kí wọ́n bọ́jú, kí wọ́n fi òróró pa orí, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀. Ẹ gbọ́ ná: ẹni tó fi ojú lásán hàn ló pè ní àgàbàgebè, ẹni tó tún ojú ṣe kí ìyà rẹ̀ má hàn ló yìn. Mo ti ka ibẹ̀ yẹn láìmọye ìgbà kí n tó rí ohun tó ń sọ.

Èdè tiwa gan-an sì ti mọ̀ ọ́n. Àdúrà wo ló wà lẹ́nu Yorùbá ju kí Ọlọ́run bo wá láṣírí lọ? Ẹni tó rí owó ilé san ní ìparí oṣù á ní àṣírí òun bò. Ẹni tó rí aṣọ kan ṣoṣo wọ lọ síbi ìnáwó, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo náà ni, á ní Ọlọ́run bo òun láṣírí. A kì í ní Ọlọ́run bá wa parọ́. Kódà òkú, a ń bò ó láṣírí. Bàbá tó fi ọgọ́rin ọdún sọ pé pọ́dà ò kan òun, lọ́jọ́ tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí àwọn èèyàn wá wò ó, wọ́n á ti bá a fi pọ́dà tún ojú ṣe. Ẹnikẹ́ni kì í sọ pé irọ́ ni òkú náà ń pa.

Àmọ́ àṣírí bíbò ní ààlà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti le. Ẹ wo mọ́tò tòkúńbọ̀ tó ń gba Tin Can wọlé. Ẹni tó fọ̀ ọ́, tó fi wáàsì dán an kó tó gbé e síta, kò ṣe búburú kankan. Ẹni tó fi pẹ́ńtì bo ibi tó ti dípẹtà, tó wá gba owó mọ́tò tí kò dípẹtà, olè ni. Pẹ́ńtì kan náà ni o. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ẹnì kan wà tí ìpẹtà náà kàn, tí yóò máa gbé e kiri lẹ́yìn tí ọjà bá ti tán. Aṣọ́nà ẹnubodè, kí ló kàn án nínú àpá ojú ènìyàn? Kò ní bá a sùn, kò ní bá a jí. Ìwé kọ̀nténà ló yẹ kó wò.

Ta wá ni ó kàn? Mo bi ọmọ náà. Ó ní ẹni méjì.

Èkíní ni ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bo àpá náà, ó ń bẹ̀rù láti kọjá níwájú ìyá, nítorí ó rò pé ìyá yóò sọ pé ó ti di obìnrin. Ìyá ń ṣa ẹja lọ́wọ́. Ó gbójú sókè, ó wò ó títí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, láti ogún ọdún, òní ni màá kọ́kọ́ wo ojú rẹ tí n kò ní rí sítóòfù." Ìyẹn ti yé mi tán. Ọkùnrin lè tún ojú ṣe nítorí ojú ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé ìmọtara-ẹni-nìkan ni oge ṣíṣe, ẹ fi ìyẹn kún ìṣirò yín.

Èkejì ni ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń rìn kó tó mọ̀ pé àpá wà níbẹ̀, ìpara ti bò ó láti ọjọ́ tí wọ́n ti pàdé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó má sọ nǹkan kan títí ìdána á fi kọjá. Èmi kò fara mọ́ ìyẹn rárá, mo sì sọ ọ́ fún un láìfi bọ̀. Ẹni tí yóò jí bá ojú yẹn lórí ìrọ̀rí ní gbogbo òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ rí i kó tó jẹ́ hòo. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a, ọjọ́ náà kì í sì í dáa nínú ilé tí ọmọ ti wà. Ó gbọ́. Ó pè é jókòó, ó bu omi sínú abọ́, ó fi ọṣẹ bọ́jú níwájú rẹ̀, ó sì sọ ìtàn sítóòfù fún un. Ọmọbìnrin náà wò ó, ó wo omi inú abọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa, ṣé kí èmi náà wá fọ tèmi ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tó sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ńlá ló wà níbẹ̀. Obìnrin ti ń kun ojú lọ sílé àna láti ayébáyé, a kò pè é ní jìbìtì. Òṣùwọ̀n méjì la ń lò, ọmọbìnrin yẹn sì mọ̀.

Omi inú abọ́ yẹn tún rán mi létí nǹkan kan. Fela kọ "Yellow Fever" ní 1976 láti bú àwọn tó ń bóra. Fela kan náà a máa fi funfun kun ojú jáde síwájú èrò. Àwọn kan rò pé ó ta ko ara rẹ̀. Kò ta ko ara rẹ̀ rárá. Ohun tó fi kun ojú, omi lè fọ̀ ọ́. Ìpara tó ń bó awọ ara, omi ò lè dá a padà. Ẹni tó kun pọ́dà gbé ojú rẹ̀ pa mọ́ fún wákàtí díẹ̀, ẹni tó bóra ń pa ojú tirẹ̀ run. Mẹ́kúrì wà nínú òmíràn nínú àwọn ìpara bẹ́ẹ̀, kíndìnrín ló ń bá jà. Hydroquinone tó bá kọjá ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìpara, NAFDAC ti kà á léèwọ̀. Nítorí náà, ọkùnrin tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù láti ra ohun tí yóò fi bo àmì ojú rẹ̀, tí ẹni tó ń tà á wá sọ fún un pé "èyí á tún jẹ́ kẹ́ ẹ pupa díẹ̀," kó yáa bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà nínú ẹ̀yin òǹkàwé mi tó ti ń kà á bọ̀ láti òkè wá, tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ kò ju bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí mo bi àbúrò ọmọkùnrin yẹn nìyí.

Alẹ́ ni kí ẹ fá irùngbọ̀n, kì í ṣe àárọ̀, kí ẹ sì fá a síbi tí irun dojú kọ. Irun tiwa máa ń ká padà wọ inú ara, òun ló ń fa àwọn kókó wẹ́wẹ́ lọ́rùn àti lágbọ̀n. Bí ẹ bá fi pọ́dà lé ojú abẹ tútù, á máa yún yín. Láàárọ̀, ẹ bọ́jú pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le, ẹ fi ìpara díẹ̀ pa á, kí ẹ jẹ́ kó mu. Òrí dára nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n nínú ooru Àpápá, á mú ojú dán bí àkàrà.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ìpara aláwọ̀ ara, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní concealer, ẹ má ṣe dán an wò lẹ́yìn ọwọ́. Ẹ tọ́ ọ sí àgbọ̀n, kí ẹ jáde síta lọ wo dígí nínú oòrùn, nítorí iná ṣọ́ọ̀bù ń tan ni. Èyí tó bá pòórá sí yín lára ni tiyín. Bí wọn ò bá ní èyí tó dúdú tó yín, ẹ má gba èyí tó pọ́n jù ú lọ, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ìwọ̀n èso ẹ̀wà kan ti tó. Orí àmì náà nìkan ni kí ẹ fi sí, kí ẹ fi orí ìka máa tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹni tó bá nù ún ti nù ún kúrò nìyẹn. Ẹ mú sùúrù díẹ̀, ẹ fi pọ́dà tí kò ní àwọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ gbọn èyí tó kù dànù. Kàìnkàìn tàbí pọ́fù tiyín, ẹ má yá ẹnikẹ́ni, kódà àbúrò yín. Ètè tó bó, Vaseline díẹ̀. Ìpéǹpéjú, búrọ́ọ̀ṣì nìkan, kí ẹ fi pẹ́ńsù sílẹ̀ títí ọwọ́ yín á fi mọ́ ọn. Ní ti dáì onígbàjámọ̀, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi díẹ̀ sẹ́yìn etí yín, kí ẹ wò ó fún ọjọ́ méjì. Ó ń wú àwọn mìíràn lójú débi pé wọn ò ní lè lajú.

Bí òógùn bá dé, pàápàá fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dúró nínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà wáàfù, ẹ fi áńkáṣíìfù tẹ̀ ẹ́ ni, ẹ má nù ún. Ẹ yẹ kọ́là funfun wò kí ẹ tó wọ ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni. Bó bá di alẹ́, bó ti wù kó rẹ̀ yín tó, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fọ etí irùngbọ̀n dáadáa, torí ibẹ̀ ló máa ń sá pamọ́ sí.